CCD: Ohun Kékeré Tó Ń Ṣọ́ Iná LED

Ọmọ ọdún 11 ni mí, ẹ̀kọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí sì dá lórí constant current diode. CCD ni màá máa pè é.

Èmi àti dádì mi ń ṣe àtùpà kékeré fún màmá àgbà ní Ìbàdàn. Tí iná bá lọ lóru, inú òkùnkùn ni wọ́n máa ń gbà lọ sí ilé ìwẹ̀. Wọ́n ní bátìrì 12V tí sólà ń ṣáájì. Àtùpà náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa pẹ́, torí tá a bá ti padà sí Lọ́ńdọ̀nù, kò sẹ́ni tó máa bá wọn tún un ṣe.

Kí ló dé tí LED fi nílò ẹ̀ṣọ́?

Tí fóltéèjì LED bá ga díẹ̀ péré, kọ́rẹ́ǹtì inú rẹ̀ á fò sókè gan-an, LED á gbóná, á sì jó. Resistor ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣọ́ ọ. Àmọ́ bátìrì 12V kì í dúró lójú kan. Tí oòrùn bá ń ṣáájì rẹ̀, ó lè sún mọ́ 14V. Tó bá ń tán lọ, ó lè wálẹ̀ sí 11V.

LED funfun méjì la tò tẹ̀ léra. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba nǹkan bíi 3V, àpapọ̀ 6V. Tá a bá lo resistor 600 ohm:

Ní 11V: 5 ÷ 600 = 8.3 mA
Ní 12V: 6 ÷ 600 = 10 mA
Ní 14V: 8 ÷ 600 = 13.3 mA

Dádì mi ní, "Ṣé ìyẹn ò dáa tó ni? Resistor ò kúkú wọ́n." Òótọ́ ni, LED tó lè gba 20 mA ò ní jó. Ṣùgbọ́n bátìrì sólà míì, 24V ni. Tí ẹnì kan bá so àtùpà yìí mọ́ ọn, 18 ÷ 600 jẹ́ 30 mA. LED lè bàjẹ́ nìyẹn.

Báwo ni CCD ṣe ń ṣiṣẹ́?

Ẹ wo ẹni tó ń bu ìrẹsì níbi òde. Bí kúlà kún dẹ́nu, ṣíbí kan fún ẹnì kan. Bó dín kù, ṣíbí kan náà ni. Bí CCD ṣe rí nìyẹn. Transistor kékeré tí wọ́n ń pè ní JFET ló wà nínú rẹ̀. Tí kọ́rẹ́ǹtì bá fẹ́ pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á dín ọ̀nà kù. CCD 10 mA á dúró nítòsí 10 mA ní 11V, ní 14V, àní ní 24V pàápàá.

Ohun mẹ́ta tí ẹ gbọ́dọ̀ rántí

1. CCD náà ń jẹun. Irú èyí tá a lò ń fẹ́ nǹkan bíi 3.5V fún ara rẹ̀. Tá a bá fi LED funfun mẹ́ta sí i, 9V ti lọ nìyẹn. Ní 11V, 2V péré ló máa kù fún un, iná á sì rẹ̀.

2. Ìlà tó wà lára CCD gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀nà orí − bátìrì. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì, kò ní ṣọ́ nǹkan kan mọ́, LED á sì jó.

3. Fóltéèjì tó bá ṣẹ́ kù sára CCD máa ń di ooru. Ní 14V, 8V × 0.01A = 0.08W, ìyẹn kéré. Ẹ wo ìwé CCD yín kẹ́ ẹ tó lo fóltéèjì tó ga.

Ẹ jọ̀ọ́, kí àgbàlagbà wà pẹ̀lú yín. Ẹ fi fíúùsì sí ẹ̀gbẹ́ orí + bátìrì, torí tí wáyà méjì bá kanra, iná lè sọ. Ẹ má sì dán an wò lára iná ara ògiri láéláé.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Tá a bá to CCD 10 mA méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, mA mélòó ló máa kọjá? Ẹ mú ìdáhùn yín wá sí kíláàsì lọ́jọ́ Sátidé.