Páìpù Àkúnwọ́sílẹ̀ fún Táǹkì Ẹja Àlòkù

Ìbéèrè: Báwo ni a ṣe ń fi páìpù omi àkúnwọ́sílẹ̀ sí táǹkì oníke àlòkù fún ẹja àrọ̀ ní Ìmọ̀ta?

Ìdáhùn: Táǹkì tó ti gbé kẹ́míkà rí kò yẹ fún ẹja. Èyí tó bá dára ni a ó fọ̀, tí a ó lu ihò sí nídìí, tí a ó ki páìpù bọ ihò náà, tí a ó sì fi wáṣà rọ́bà dè é pinpin. Páìpù tó dúró lórí ihò náà ló ń pinnu bí omi yóò ṣe ga tó. Ó gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju èyí tí ń gbé omi wọlé. Páìpù ńlá tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nísàlẹ̀, tí orí rẹ̀ yọ lókè omi, ni a ó fi bò ó: ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ yóò máa bá omi jáde, ẹja kò sì ní í bá a lọ. Kí ẹja tó wọ̀ ọ́, kí omi kún un di ọjọ́ kejì, kí a lè mọ̀ bóyá ó ń jò.