ẸRAN ÒRÌṢÀ, EWÉ ÓÒTÌ ÀTI AJÍLẸ̀

Ní 2009, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá José Merced láre nínú ẹjọ́ tó bá ìlú Euless ṣe, ní Texas wa níbí, pé ó lè fi ewúrẹ́ bọ òrìṣà nínú ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ti wà. Ìmọ̀ nípa ẹran náà ńkọ́? Kí ewúrẹ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa ní Alief, kí ló ti ń jẹ lóko?

Nígbà òtútù, ọ̀pọ̀ koríko Texas a máa gbẹ. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń gbin óòtì ní September tàbí October. Òun náà ni a ń sè mu láàárọ̀ bí ògì, àmọ́ ewé rẹ̀ ni ẹran ń jẹ. Ajílẹ̀ tó ní náítírójìn ló ń mú kí óòtì yọ ẹ̀ka láti ìdí, kí ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Láti ara náítírójìn yìí ni ewé ti ń ṣe purotéènì. Nínú ewé ọ̀dọ́ tó rí ajílẹ̀ dáadáa, purotéènì lè kọjá 20 nínú 100. Tó bá ti yọ ọmọ, tó gbó, á já wálẹ̀ gan-an.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí rèé. Náítíréètì ni gbòǹgbò ń fà jù látinú ajílẹ̀. Ewé ló ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ ọ́ di purotéènì. Bí ajílẹ̀ bá pọ̀ jù, tí ọ̀dá dé, tàbí tí ìkúùkù bo oòrùn fún ọjọ́ púpọ̀, gbòǹgbò á ṣì máa fà, ewé ò sì ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ tán. Náítíréètì á kó jọ, pàápàá sí ìdí óòtì náà. Nínú ikùn ẹran, á di náítíráìtì, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́. Ẹran á máa mí hẹlẹhẹlẹ, á máa gbọ̀n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dà bíi ṣokoléètì. Ó lè kú láàárín wákàtí mélòó kan, àfi bí dókítà ẹran bá tètè dé.

Àwọn kan láàárín wa máa ń sọ pé ajílẹ̀ òyìnbó nìkan ló léwu, pé ìgbẹ́ adìyẹ kò lè ṣe nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Nínú ilẹ̀, ìgbẹ́ adìyẹ náà á di náítíréètì. Gbòǹgbò ò mọ ti òyìnbó yàtọ̀ sí ti ìyá àgbà.

Àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ kì í da ajílẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: díẹ̀ nígbà ìgbìn, díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹran bá ti jẹ ẹ́. Kì í sì í kó ẹran tí ebi ń pa wọnú oko bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ fún un ní koríko gbígbẹ tó dára. Ẹ má rò pé sísá gbẹ á yọ náítíréètì kúrò: óòtì tí wọ́n gé ní January ṣì lè pa ẹran ní March. Ìdí nìyí tí àwọn àgbẹ̀ fi ń gé díẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò Texas A&M ní College Station. Èyí tí náítíréètì rẹ̀ bá kọjá 1 nínú 100, ewu ńlá ni.

Bí ẹ bá bá àwọn àgbà lọ ra ẹran, ẹ béèrè ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ náà. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wo. Inú rẹ̀ yẹ kó pọ́n. Tó bá rí bíi ṣokoléètì, ẹ má rà á, ẹ sáré pe olóko.