Yíyan Kámẹ́rà fún Àwòrán Ojú Ènìyàn

Mo ra kámẹ́rà ní ìsinmi tí ó kọjá, ìṣirò tí mo ṣe kí n tó rà á sì yẹ ní kíkọ́. Ìyá mi tí ń gbé Treichville, níhìn-ín ní Abidjan, ti di arúgbó, wọn kò sì ní fótò kankan ju ti káàdì ìdánimọ̀ lọ. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni fótò bàbá wọn, èyí tí ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán Yorùbá, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Ànàgó, yà ní ọdún 1962. Títí di òní, a lè ka irun irùngbọ̀n bàbá àgbà náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Òǹtà kan sọ pé láìsí kámẹ́rà onímílíọ̀nù píksẹ́lì 60, n kò lè ya irú rẹ̀. Píksẹ́lì ni àwọn àmì wínníwínní tí ó para pọ̀ di àwòrán kámẹ́rà òde òní. Owó rẹ̀ ju gbogbo ohun tí mo ti fi pamọ́ lọ. Nígbà náà ni mo bi ara mi léèrè ohun tí ó mú kí àwòrán àtijọ́ hàn kedere tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Seydou Keïta, tí ó ṣí ilé fótò rẹ̀ ní Bamako ní ọdún 1948. Fíìmù kámẹ́rà rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18, èyí tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po 27 ju fíìmù mìlímítà 24 sí 36 ti kámẹ́rà kékeré lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í sọ àwòrán di ńlá rárá. Orí ìwé fótò ni ó ń tẹ́ fíìmù náà lé tààrà, tí ohunkóhun kì í fi í ṣòfò.

Bí ìwé fótò bá ti tóbi tó ni iye píksẹ́lì tí a ń fẹ́. Fún fótò tí a ó mú lọ́wọ́ wò, 300 píksẹ́lì tó fún íǹṣì kan. Fótò sẹ̀ǹtímítà 13 sí 18 kò gbà ju mílíọ̀nù 3 àti díẹ̀ lọ! Mílíọ̀nù 24, èyíinì ni 6000 lọ́nà 4000, tó fún fótò tí ó gùn ní íǹṣì 20, tí ó sì fẹ̀ ní íǹṣì 13. Ògiri yàrá wa kò gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dígí ojú kámẹ́rà ni owó yẹ kí ó bá lọ. Lórí kámẹ́rà tí inú rẹ̀ gba ìwọ̀n 24 sí 36, dígí onímìlímítà 85 ń jẹ́ kí ayàwòrán dúró ní nǹkan bí mítà méjì, kí orí àti èjìká ènìyàn sì kún àwòrán. Ẹni tí ó bá fi onímìlímítà 28 sún mọ́ ènìyàn kí ojú lè kún àwòrán yóò sọ imú onímú di ńlá. Ní ti ìmọ́lẹ̀, ara ojú ni kí a fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ara ògiri funfun tí ó wà lẹ́yìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwa aláwọ̀ dúdú yóò kàn dàbí òjìji.

Mo ra kámẹ́rà onímílíọ̀nù 24 tí ẹlòmíràn ti lò, mo sì fi ìyókù owó ra dígí. Mo gbé àga ìyá mi sí ẹnu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ lè bà wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí a tẹ fótò náà jáde, wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ti bàbá wọn, wọ́n wò ó pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n tún un yà, nítorí pé gèlè àwọn wọ́.