Ìtọ́jú Kóró Òwú Kí A Tó Gbìn Ín

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní Adégbáyí àti abúlé gbogbo tó yí i ká, ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kóró òwú. Òwú kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìbàdàn. British Cotton Growing Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1902, gbin òwú ní Moor Plantation, ṣùgbọ́n kòkó ló gba ọkàn àwọn baba wa.

Ohun tí àwa tí ń yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò ń rí ni pé ẹgbẹ́ a máa yáwó ra irúgbìn, ìdajì rẹ̀ kò ní hù, gbèsè kò sì ní dín kọ́bọ̀. Nítorí náà, kí a tó pín irúgbìn, ẹ jẹ́ kí á ka 100 kóró, kí á fi aṣọ tútù wé e, kí aṣọ náà má sì gbẹ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí 80 bá hù, ó dára. Bí kò bá tó 60, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, ohun yòówù kí ó máa sọ.

Ẹ̀gbọ̀n tó kù lára kóró ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ó ń mú kóró lẹ̀ mọ́ra, kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé, àrùn sì ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ irúgbìn ń fi ásíìdì jó o dànù. Ẹ má dán an wò nílé, nítorí ojú kò ní ààrọ̀. Tiwa ni kí á fi eérú àti omi díẹ̀ ra á títí kóró yóò fi yọ̀ lọ́wọ́. Kóró tí a kò tíì rà kò ṣeé fi omi dán wò, nítorí ẹ̀gbọ̀n a máa gbé èyí tó dára pàápàá léfòó. Lẹ́yìn rírà ni èyí tó léfòó tó di yẹpẹrẹ. Ẹ sá ìyókù síbi ìbòji.

Oògùn irúgbìn ló ń gba ọ̀gbìn kékeré lọ́wọ́ àrùn inú ilẹ̀ tí ń mú ìdí rẹ̀ jẹrà tí yóò fi wó. Kóró gbígbẹ ni kí ẹ fi í pa, bí ìwé ara rẹ̀ ti wí, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù kì í ṣe oúnjẹ ewúrẹ́, kì í ṣe èyí tí a ń fún epo rẹ̀. Ní Iraq, ní 1971 sí 1972, àwọn àgbẹ̀ fi àlìkámà tí a ti fi mercury pa fún gbígbìn ṣe búrẹ́dì. Àwọn kan fọ àwọ̀ pupa ara rẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé májèlé ti bá a lọ. Ó lé ní 6,000 ènìyàn tí wọ́n gbà sí ilé ìwòsàn. Iye tí ìjọba kà pé ó kú jẹ́ 459.

Ẹ dúró kí òjò rin ilẹ̀ dáadáa. Ẹ gbin kóró mẹ́rin sí márùn-ún sí ihò kan, kí ihò má jìn ju ìdajì ìka lọ. Ihò tí kò bá hù, ẹ tún un gbìn kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ fa ìyókù tu, kí ẹ fi méjì tó lágbára sílẹ̀.