Ṣé A Máa Ń Bí Òwò Mọ́ Ènìyàn Ni?



Ẹ̀kọ́ wa tòní dá lórí ojú tí àwùjọ fi ń wo ẹni tó dá òwò ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá mókè, a ó ní a bí òwò mọ́ ọn ni. Bí òwò náà bá wó, a ó ní kò lórí òwò. Bí ọmọ tó kàwé jáde bá sì ní òun fẹ́ ṣòwò, àwọn kan á ní ṣé kò ríṣẹ́ ni.

Àwọn onímọ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun ìwádìí. Láti ọdún 1999 ni ètò kan tí wọ́n ń pè ní Global Entrepreneurship Monitor ti ń bi àwọn ènìyàn léèrè ní orílẹ̀-èdè púpọ̀: ǹjẹ́ ẹni tó dá òwò sílẹ̀ tó sì yege níyì lọ́dọ̀ yín? Ǹjẹ́ ìbẹ̀rù kí òwò má kùnà kò ní dá yín dúró? Wọ́n ń béèrè nítorí pé àìlówó nìkan kọ́ ló ń dí ènìyàn lọ́wọ́. Ojú aráyé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé òótọ́ ni pé a máa ń bí òwò mọ́ni? Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lomé, olú-ìlú Togo. Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ kan, tí Michael Frese ará Jámánì àti David McKenzie ti Báǹkì Àgbáyé wà lára wọn, ṣẹ́ gègé láti pín 1,500 oníṣòwò kéékèèké sí ọ̀nà mẹ́ta.

Wọ́n kọ́ ìpín kìíní ní ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti àmójútó òṣìṣẹ́. Wọ́n kọ́ ìpín kejì ní àtinúdá: kí ènìyàn máa wá àyè tuntun, kí ọjà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti aládùúgbò, kí ó ti ro ìṣòro kó tó dé, kí ó má sì tètè sọ̀rètí nù. Ìpín kẹta kò gba ẹ̀kọ́ kankan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni ẹ̀kọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, olùkọ́ ń yà wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún oṣù mẹ́rin.

Lẹ́yìn ọdún méjì ó lé, èrè àwọn tó kọ́ àtinúdá fi nǹkan bí 30 nínú 100 ju ti àwọn tí kò gba ẹ̀kọ́ lọ. Ti àwọn obìnrin inú wọn tó 40. Ti àwọn tó kọ́ ìṣirò owó jẹ́ 11 péré, àwọn onímọ̀ náà kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ló fà á. Obìnrin kan tó ń fi aṣọ ìgbéyàwó háyà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, ó sì fi ìbòjú ìyàwó àti ìbọ̀wọ́ kún ọjà rẹ̀. Ọdún 2017 ni ìwé ìròyìn Science gbé àbájáde yìí jáde.

Kí la rí kọ́ níbẹ̀?

Èkíní: òwò ṣe é kọ́. Ọmọ òrukàn tí kò ní bàbá tí yóò mú un wọ ọjà kò pàdánù ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Olùkọ́ ló ń fẹ́.

Èkejì: bí a bá fún opó ní maṣíìnì ìránṣọ tí a sì padà sílé, iṣẹ́ kò tíì parí. Kí ẹnì kan máa yà wò ó.

Ẹ̀kẹta: ẹni tí òwò rẹ̀ wó kì í ṣe olóríburúkú. Bí a bá fi ṣẹ̀sín, kò ní gbìyànjú mọ́.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣòwò kí iṣẹ́ ìránṣẹ́ tó dé bá a. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ wa kankan tijú ọjà.