Ẹ̀kọ́ fún Ilé àti Ṣọ́ọ̀bù: Bí A Ṣe Ń Lo Ẹ̀rọ Ìpaná

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí dá lórí iná àti agolo pupa tí a fi ń pa á.

Ẹni tó bá ń tajà ní Kano kò lè gbàgbé oṣù kẹta ọdún 2016, nígbà tí iná sọ ní ọjà Sabon Gari, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣọ́ọ̀bù sì di eérú. Ní oṣù kejì ọdún 2023, Monday Market ti Maiduguri náà jóná. Ẹ jẹ́ ká rántí pé àwìn ni a gba ọ̀pọ̀ ọjà tó wà níwájú wa, àmáánà sì ni òmíràn. Bí ọjà bá jóná, gbèsè kì í bá a jó.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ̀ fún wa láti sùn kí a fi iná sílẹ̀ nínú ilé. Àwọn baba wa náà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Iná kò jọra

Ohun mẹ́ta ni iná fi ń wà láàyè: ohun tí yóò jó, ooru, àti afẹ́fẹ́. Bí a bá mú ọ̀kan kúrò, iná yóò kú. Ṣùgbọ́n ohun tó pa ti èyí lè mú ti ìyẹn gbilẹ̀.

1. Igi, aṣọ, ìwé àti bẹ́ẹ̀dì: omi lè pa á.

2. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì àti ọ̀dà: omi yóò tàn án káàkiri ni. Ẹ̀rọ oníyẹ̀fun tàbí èyí tó ń hó bí ọṣẹ ni kí ẹ lò.

3. Iná mànàmáná: ẹ kọ́kọ́ pa súìṣì ńlá, ẹ má da omi sí i. Ẹ̀rọ oníyẹ̀fun tàbí ti CO2 ló tọ́ sí i. Ẹ má di ẹnu CO2 mú, nítorí òtútù rẹ̀ lè ṣe ọwọ́ léṣe. Bí yàrá bá kéré, ẹ tètè jáde, torí ó ń lé afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

4. Òróró tó gbiná nínú páànù: ẹ pa sítóòfù, ẹ fi ìdérí bò ó, ẹ fi sílẹ̀ kó tutù. Ẹ má da omi sí i, ẹ má sì gbé e sáré jáde.

5. Gáàsì: ẹ ti ẹnu sílíńdà bí ọwọ́ bá lè dé ibẹ̀ láìséwu. Bí a bá pa iná náà tí gáàsì ṣì ń tú jáde, ó lè bú gbàmù.

Bí a ṣe ń lò ó

Ẹ dúró ní nǹkan bí mítà 2 sí iná, kí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn yín. Ẹ fa pínnì yọ. Ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, kì í ṣe sí ahọ́n rẹ̀ lókè. Ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì máa gbá a lọ gbá a bọ̀ bí ẹni ń gbálẹ̀. Ẹ má fi àkókò ṣòfò, nítorí onkílò 1 kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ kó tó tán. Bí iná bá kú, ẹ má tètè kẹ̀yìn sí i, ó lè tún sọ.

Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀

Ẹ gbé e kọ́ sára ògiri lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe sẹ́yìn àpò ọjà. Lóṣooṣù, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ aago rẹ̀ wà ní ojú àwọ̀ ewé, bóyá pínnì rẹ̀ pé, bóyá ọ̀pá rẹ̀ kò là. Ti CO2 kì í sábà ní aago. Wíwọ̀n ni a ń wọ̀n ọ́n. Lọ́dọọdún, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó di dandan ká tún un rọ. Òfin ojú pópó béèrè ẹ̀rọ yìí nínú ọkọ̀. Ṣé ọkọ̀ wá níyì ju àwọn ọmọ wa tó sùn sílé lọ ni?

Ìgbà tó yẹ ká sá

Iná kékeré, tí kò tíì ju agbọ̀n ìdalẹ̀nù lọ, ni ẹ̀rọ yìí wà fún. Bí iná bá ti kan àjà, tàbí tí èéfín bá kún yàrá, ẹ jáde, ẹ pa ilẹ̀kùn dé, ẹ pe panápaná lórí 112. Ẹ má padà wọlé nítorí owó tàbí ọjà. Irin ojú fèrèsé tí a fi ń dènà olè ti há ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ inú iná; ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ síbi tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ẹ má ṣe tọ́jú bẹntiróòlù jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá tí a ń sùn.

Ìbéèrè fún ilé kéú àti ìpàdé

1. Kí ni a ń ṣe sí òróró tó gbiná?
2. Apá wo lára iná ni a ń kọ ẹnu ẹ̀rọ sí?
3. Ta ló mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ irin fèrèsé wà nílé yín?

Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn sí ìkẹta, kó béèrè nílé kí ilẹ̀ òní tó ṣú. Kí Ọlọ́hun fi ìṣọ́ rẹ̀ ṣọ́ wa. Àmín.