Iná Kẹ̀kẹ́ Ní Àsùbáà



Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí gígun kẹ̀kẹ́ lọ kírun Àsùbáà nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́. Bí ènìyàn bá rí i pé iná kẹ̀kẹ́ òun ń tàn, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀, a sì máa sáré. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ti pèrun tán kí n tó jáde nílé. Iná dínámò mi ń tàn, mo sì ń sáré bọ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Lójijì ni mo rí ìyá àgbà kan níwájú mi tó ru igbá lọ sọ́jà. Aṣọ dúdú ló wọ̀, kò sì mú iná lọ́wọ́. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo bá ṣubú sínú gọ́tà. Orúnkún mi bó, ṣùgbọ́n ìyá kò fara pa. Nígbà tó ràn mí dìde, ó ní: "Ọmọ mi, iná rẹ ń tàn o, ṣùgbọ́n eré rẹ ti kọjá ibi tí iná rẹ mọ."

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ ìyá yìí yẹ̀ wò.

1. Iná ní ibi tó mọ. Kẹ̀kẹ́ tó ń sá kìlómítà 20 ní wákàtí kan ń lọ tó mítà 5 àti ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ọwọ́ tó tẹ bíréèkì, kí kẹ̀kẹ́ tó dúró, ó lè tó mítà 10. Bí iná wa kò bá tàn ju mítà 6 lọ, a ó ti kọlu ohun tó wà níwájú.

2. Ká mọ irú iná tí a ní. Láti ara táyà tó ń yí ni dínámò ti ń rí agbára. Bí a bá rọra ń lọ, iná a rẹ̀wẹ̀sì; bí a bá dúró, ọ̀pọ̀ wọn a kú. Iná oníbátìrì kò gbára lé eré, ṣùgbọ́n ó lè kú lójú ọ̀nà. Ẹ dán an wò lálẹ́ kí ẹ tó sùn.

3. Iná kì í ṣe tiwa nìkan. Iná funfun iwájú la fi ń ríran. Iná pupa ẹ̀yìn ni ọlọ́kọ̀ fi ń rí wa. Ẹ má ṣe gbé ojú iná sókè, kó má baà fọ́ ẹlòmíràn lójú. Bí iná ọkọ̀ bá mú yín lójú, ẹ dẹ eré, kí ẹ máa wo etí títì lápá ọ̀tún. Aṣọ funfun dára, ṣùgbọ́n ẹ ká etí jalamíà àti híjáàbù kúrò lára ṣéènì.

Àwọn kan á ní, "Ọlọ́hun ni aláàbò." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun kò ní ká má tún bíréèkì ṣe. Òpó ìrun kan tó bọ́ lọ́wọ́ wa ṣeé san padà. Ẹ̀mí arúgbó tí a bá kọlù kò ṣeé san.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Àwọn wo ló ń rìn lójú ọ̀nà yín ní àsùbáà láìní iná lọ́wọ́? Ìgbésẹ̀ mélòó ni iná kẹ̀kẹ́ yín dé? Ẹ wọ̀n ọ́n lálẹ́ òní.